RAM 4GB, kọ̀ǹpútà ń ka 3: kì í ṣe gbájúẹ̀, ojúlé ni kò tó

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní FUNAAB ló rà á fún. Ọmọ náà ti wo ibi tí Windows ti ń júwe ẹ̀rọ, ó rí i pé RAM inú rẹ̀ jẹ́ 4GB, àmọ́ èyí tó ṣeé lò kò ju 2.96 lọ. Màmá ní, “Ọmọ mi, bá mi wò ó. Wọ́n ti yọ nǹkan nínú ẹ̀. Mò ń lọ bá ẹni tó tà á fún mi.” Kí n tó lanu, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti dá a lóhùn: “Mọ́mì, ayédèrú RAM ni. Ó pọ̀ nígboro.”

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí mo ti rí ẹni tó tìtorí ẹ̀ ra RAM tuntun lẹ́ẹ̀mejì, tí nọ́ńbà yẹn kò sì yí padà. Mo tú ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà níṣojú màmá. RAM méjì ló wà níbẹ̀, 2GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pé. Kò sẹ́ni tó yọ ohunkóhun.

Kí ló wá gbé gígábáìtì kan lọ? Ojúlé ni.

Inú RAM dà bí àdúgbò tí ilé kún fọ́fọ́. Kí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó lè fi nǹkan pamọ́ sílé kan, tàbí kó lọ mú un wá, ó gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà ojúlé ilé náà. Orí wáyà ni nọ́ńbà yìí ń gbà lọ, wáyà kọ̀ọ̀kan ń gbé 0 tàbí 1. Windows 32-bit, irú èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù màmá, ń pe ojúlé bíi ẹni tó ní wáyà 32. Wáyà 32 kò lè pe ju ojúlé 4,294,967,296 lọ, ìyẹn 4GB géérégé.

Ká ní àdúgbò kan wà ní Ìbarà tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ fi àpótí méjì péré sílẹ̀ fún nọ́ńbà ojúlé. Láti 00 dé 99 lèèyàn lè kọ. Ẹ wá kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé síbẹ̀, ó yẹ kó kárí. Ṣùgbọ́n ilé ìgbé nìkan kọ́ ló ń gba ojúlé ládùúgbò. Ọjà gba tirẹ̀, ilé ìwòsàn gba tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà gba tirẹ̀. Tí àwọn wọ̀nyí bá ti gba 75 sí 99, ilé ìgbé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á wà lórí ilẹ̀ tí lẹ́tà kankan kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn láé. Wọn kò wó, wọn kò sì jóná. Nọ́ńbà wọn ló ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bó ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Káàdì tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, USB, àti BIOS fúnra rẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù tó kọ́kọ́ ń jí tí ẹ bá tan ẹ̀rọ), gbogbo wọn ni processor ń fi nọ́ńbà ojúlé pè bíi ti RAM. Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé, ní abẹ́ 4GB gẹ́lẹ́. RAM tó bá bọ́ sí ojúlé wọn ló pòórá. Láfikún, tí káàdì àwòrán ẹ̀rọ yín bá ń yá RAM lò, ó tún bu tiẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí 3.2 lórí ẹ̀rọ kan, 2.96 lórí òmíràn, 3.5 lórí ẹ̀kẹta.

Kernel, ìyẹn ọkàn Windows tàbí Linux (ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), tó ń jí lẹ́yìn BIOS tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, mọ gbogbo èyí. Kì í dédé rò pé RAM wà níbì kan. Ní kété tó bá jí, BIOS ló máa ń bi léèrè: ojúlé wo ni ti RAM, èwo ni ti ẹlòmíràn? Lórí kọ̀ǹpútà Intel àti AMD, E820 ni wọ́n ń pe ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn á wá ní ìlà-ìlà: láti ojúlé yìí dé tọ̀hún, ó ṣeé lò, láti ibí dé ibẹ̀ yẹn, ó ti ní ẹni tó ni ín. (Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń lo UEFI dípò BIOS ń gba ọ̀nà mìíràn bèèrè, àmọ́ irú àkójọ kan náà ni kernel ń rí gbà.) Tí Linux 32-bit tí kò ní PAE (ọgbọ́n tó ń fi wáyà ojúlé kún 32) bá rí RAM tó kọjá 4GB nínú àkójọ yìí, á kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé 4GB nìkan lòun máa lò, á sì gé ìyókù kúrò. Ó rí i o. Ó tiẹ̀ mọ iye rẹ̀. Kò ní nọ́ńbà tó máa fi pè é ni.

Tí kò bá gé e ńkọ́? Ìtàn àtijọ́ kan fi hàn. Processor 8086 tí Intel ṣe ní 1978 ní wáyà ojúlé 20, tó tó 1MB. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣírò ojúlé lórí rẹ̀ lè mú nọ́ńbà jáde tó fi díẹ̀ ju 1MB lọ. Wáyà kọkànlélógún tí ì bá gbé èyí tó lé kò sí, torí náà nọ́ńbà náà á yí po padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí fọ́ọ̀mù alápòótí méjì: ẹ fẹ́ kọ 100, àpótí gba 00 nìkan, lẹ́tà ilé 100 wá balẹ̀ sí ilé 00. Àwọn kan kọ ètò tó gbára lé yíyípo yìí. Nígbà tí IBM gbé PC/AT jáde ní 1984, pẹ̀lú processor 80286 tó ní wáyà 24, àwọn ètò wọ̀nyẹn ì bá dàrú lórí rẹ̀. IBM bá fi ilẹ̀kùn sí wáyà kọkànlélógún, èyí tí wọ́n ń pè ní A20 nítorí pé orí 0 ni wọ́n ti ń kà á. Wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà sọ́wọ́ ṣíìpù tó ń bójú tó keyboard, nítorí ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tí kò níṣẹ́.

Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ kernel. Nígbà tí Linux bá ń jí lọ́nà BIOS àtijọ́, á kọ nọ́ńbà kan sí ojúlé kan nísàlẹ̀, á lọ wo ojúlé tó fi 1MB jìnnà sí i bóyá òun náà ń yí padà. Tó bá ń bá a yí, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Á bẹ BIOS kó ṣí i. Tó bá kọ̀, á lọ bá ṣíìpù keyboard. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, á gba ojú ọ̀nà mìíràn tó ń jẹ́ 0x92. Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, á sọ fún yín pé A20 kò dáhùn, kò sì ní tẹ̀síwájú mọ́. Ó sàn fún un kó dúró síbẹ̀ ju kó máa kó ẹrù ilé kan sílé ẹlòmíràn, tí iṣẹ́ yín á bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìgbàgbọ́ kejì ni tàwọn tó gbọ́ díẹ̀ nínú èyí, tí wọ́n wá ń sọ pé processor 32-bit kò lè kọjá 4GB láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1995 ni Pentium Pro ti gbé PAE dé, tó sọ wáyà ojúlé di 36, ìyẹn 64GB. Ètò kọ̀ọ̀kan ṣì wà lábẹ́ 4GB tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ lè pín RAM tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Linux lò ó. Windows Server 2008 Enterprise tó jẹ́ 32-bit náà dé 64GB. Windows orí láptọ́ọ̀pù ni Microsoft dá dúró sí 4GB, torí pé ọ̀pọ̀ dráífà (ètò tó ń bá káàdì inú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kọ máa ń dàrú tí wọ́n bá bá ojúlé tó ga ju ìyẹn lọ pàdé.

Ẹ̀kẹta ló ń ná àwọn èèyàn lówó jù: “Fi Windows 64-bit sí i, á padà wá.” Nọ́ńbà ojúlé 64-bit gùn ju ti 32-bit lọ lóòótọ́. Ó lè padà wá, ó sì lè má padà. Bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ lè kó RAM tí ojúlé rẹ̀ bọ́ lọ sókè 4GB kó fún un ní nọ́ńbà tuntun. Àwọn láptọ́ọ̀pù tó jáde ní nǹkan bí 2006 pẹ̀lú ṣíìpù bọ́ọ̀dù Intel 945 kò lè ṣe é. Processor wọn lè jẹ́ 64-bit, bọ́ọ̀dù kò ní ojúlé tó ju 4GB lọ.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi flash tí Linux 64-bit wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà láìfi nǹkan kan síbẹ̀, kí ẹ kọ `dmesg | grep -i e820`. Ẹ wá ìlà tí ojúlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0x0000000100000000, tí wọ́n sì kọ usable sí ìparí rẹ̀. 4GB gan-an ni nọ́ńbà yẹn. Tó bá wà, bọ́ọ̀dù ti fún RAM yín ní ojúlé lókè, 64-bit á lè dé ibẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ wo inú BIOS bóyá wọ́n pa Memory Remap, ìyẹn ètò tó ń kó RAM lọ sí ojúlé òkè. Tí òun náà kò bá sí, ẹ fi owó yín sápò.

Ti màmá wà níbẹ̀, ó hàn kedere ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo fi 64-bit sí i lọ́jọ́ kejì, Windows sì ka 3.87. Màmá ní kí n pe ọmọ òun, kí n ṣàlàyé ojúlé yẹn fún un fúnra mi. Ọmọ náà béèrè bóyá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ òun tó ka 3.2 náà lè padà. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ìlà yẹn.