Orúkọ ìdílé ní ilẹ̀ Pólándì

Orúkọ ìdílé ní ilẹ̀ Pólándì, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní nazwisko, máa ń tẹ̀lé orúkọ àbísọ. Nowak ló wọ́pọ̀ jù lọ: nǹkan bí 200,000 ènìyàn ló ń jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tuntun, bí àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀dó sí abúlé. Ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ bàbá àti ìnagijẹ ni orísun àwọn orúkọ wọ̀nyí, àmọ́ ààlà àárín wọn kì í fìgbà gbogbo hàn kedere. Wójcik lè wá láti ara wójt, ìyẹn baálẹ̀. Ó sì lè jẹ́ láti ara orúkọ Wojciech.

Àfòmọ́ ìparí -ski

Iṣẹ́ -ski (àti -cki, -dzki) nínú gírámà ni pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ orúkọ di ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Láyé àtijọ́, ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ máa ń fi z, tó túmọ̀ sí "láti", so orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀: Jan z Tarnowa ni Jan tó ni Tarnów. Nígbà tó yá, irú rẹ̀ di Tarnowski. Leszczyński, orúkọ ìdílé Ọba Stanisław, wá láti Leszno. Zamoyski gba ìṣọ́ra: Jan Zamoyski ló tẹ ìlú Zamość dó ní 1580, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé náà ti wà kí ìlú tó wà, abúlé tó ń jẹ́ Stary Zamość lónìí ló ti wá.

Nígbà tí -ski di àmì iyì, àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ náà fi kún orúkọ wọn. Kowalski lè tọ́ka sí abúlé Kowale, ó sì lè jẹ́ pé kowal, alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n kàn fi -ski lé. Nítorí náà, -ski nìkan kò tó ẹ̀rí pé ìdílé kan jẹ́ ọlọ́lá. Ohun tí ọlọ́lá fi ń ṣe ẹ̀rí ni herb, àmì oyè, èyí tí ìdílé púpọ̀ tí orúkọ wọn yàtọ̀ jọ ń lò. Leliwa ni ti Tarnowski, òun náà ni ti Sieniawski.

Akọ àti abo

Torí pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni, orúkọ oní-ski ń yí padà: ọkọ ni Kowalski, ìyàwó tàbí ọmọbìnrin ni Kowalska, àwọn méjèèjì pọ̀ ni Kowalscy. Nowak kì í yí báyìí, síbẹ̀ gírámà kò fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ní "widzę Nowaka" (mo rí Nowak) rí ọkùnrin. Ẹni tó bá ní "widzę Nowak" rí obìnrin. Tẹ́lẹ̀, Nowakowa ni ìyàwó Nowak, Nowakówna sì ni ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì relé ọkọ. Ti Zaręba ni Zarębina àti Zarębianka. Àwọn wọ̀nyí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jẹ́ -ski bíi ti bàbá wọn, torí pé orúkọ kì í yí padà nínú ìwé níbẹ̀.

Orúkọ bàbá, iṣẹ́ àti ìnagijẹ

Àfòmọ́ -wicz, "ọmọ", gbilẹ̀ ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà àti ní Lithuania. Mickiewicz, orúkọ akéwì Adam Mickiewicz, wá láti ara ìkékúrú Dmitri. Àwọn Tatar tó jẹ́ Mùsùlùmí náà lò ó: Achmatowicz ni ọmọ Ahmad. Kowalczyk ni ọmọ alágbẹ̀dẹ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Krawczyk sì ni ti télọ̀. Ìparí -uk ṣàpẹẹrẹ ìlà-oòrùn, pàápàá agbègbè Podlasie. Nínú ìnagijẹ la ti rí Wilk (ìkookò), Zając (ehoro), Baran (àgbò) àti Wróbel (ológoṣẹ́).

Òfin

Ìpàdé ìjọ Kátólíìkì ní Trent pàṣẹ ní 1563 pé kí a máa kọ ìgbéyàwó àti ìrìbọmi sílẹ̀, èyí sì ran orúkọ lọ́wọ́ láti dúró. Ọ̀pọ̀ Júù kò ní orúkọ ìdílé tó dúró títí ìjọba fi pàṣẹ rẹ̀: Ọ́stríà ní 1787, Prọ́ṣíà ní 1797, Ìjọba Pólándì tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà ní 1821. Lónìí, tọkọtaya lè so orúkọ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju apá méjì lọ.