Tramadol ti di bárakú fún aboyún: ṣé kó jáwọ́ lójijì ni?

Ìbéèrè: Ojoojúmọ́ ni aboyún kan ń lo tramadol, oògùn apàrora tó lè di bárakú. Ẹbí fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tì í mọ́lé títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oògùn náà ti mọ́ ìyá lára, ó ti mọ́ ọmọ inú rẹ̀ náà lára. Bí ẹ bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan, òógùn á bò ó, inú á máa lọ́ ọ, èébì á dé, ó sì lè rọbí láìtọ́jọ́. Bó bá wá padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè pa á, nítorí ara ò gbà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ti ọtí àti diazepam (oògùn amárabalẹ̀ tó ń múni sùn) tún le jù: jíjáwọ́ lójijì lè fa gìrì. Igbó àti sìgá ní tiwọn, kó jù wọ́n nù lónìí.

Ìbéèrè: Kí wá ni dókítà máa ṣe?

Ìdáhùn: Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2014 ni pé kí wọ́n fi methadone tàbí buprenorphine, oògùn tí dókítà fi ń tọ́jú bárakú, rọ́pò irú oògùn bíi tramadol fún aboyún, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bí oyún bá ń dàgbà, ìwọ̀n methadone àkọ́kọ́ lè má tó mọ́, torí ara ìyá ń tètè lò ó tán. Bí dókítà bá fi kún un, ẹ má rò pé bárakú rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá sí oògùn méjèèjì yìí, àwọn dókítà á máa dín tramadol kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àbójútó wọn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ń tọ́jú bárakú.

Ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ. "Méjì ni mò ń lò" kò tó: méjì oní-50 mílígíráàmù jẹ́ 100, méjì oní-225 jẹ́ 450, ó sì ti kọjá 400 tó yẹ kí àgbàlagbà lò mọ lójúmọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí wọ́n bí i, ó lè máa ké kíkankíkan, kó máa gbọ̀n, kó máa sín léraléra. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Oògùn ló ń kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n wà ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Ẹ dín iná àti ariwo kù, kí ìyá gbé e mọ́ àyà, ara kan ara. Ìyá tó wà lórí methadone lè fún un lọ́mú. Ẹni tó ṣì ń lo tramadol, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ má fún ọmọ ní àgbo.

Ìbéèrè: Kí ni iṣẹ́ ẹbí?

Ìdáhùn: Ẹni tí kì í bú u ni kó máa bá a lọ síbi ìtọ́jú. "A ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ" ló ń lé ọ̀pọ̀ sá fún ilé ìwòsàn títí ìrọbí fi dé. Lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí àìsùn bá ń dà á láàmú, ni bárakú rọrùn láti padà. Ẹ máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, kó sùn.