Ọjọ́ tí a ò rí ẹyẹ kankan náà ní àkọsílẹ̀

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí à ń ka iye ẹyẹ àti àfòpiná jù ni pé, kí la rí tí à ń kà létí òkun ní oṣù kejì, nígbà tí òtútù ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, tí igi ò sì tíì rúwé? Ẹ jẹ́ ká fi Portland ṣàpẹẹrẹ, erékùṣù kékeré tó yọ sínú òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iná kan wà níbẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun títí di 1906. Láti 1961 ló ti di ibùdó àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ.

Kí a tó ka ohunkóhun, afẹ́fẹ́ la kọ́kọ́ ń kọ: ibi tó ti ń fẹ́ wá, bó ṣe le tó. Lẹ́yìn náà la ó kọjú sí òkun. Guillemot, ẹyẹ tó dúdú lẹ́yìn tó funfun láyà, lè tò sórí àpáta rẹpẹtẹ láàárọ̀. Ẹ má rò pé wọ́n ti fẹ́ yé ẹyin. Àyè wọn ni wọ́n wá wò, bí ẹni tó ń lọ yọjú sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ onílẹ̀ má baà tún un tà. Wọ́n á fi ẹnu ṣá ara wọn díẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n á ti padà sójú omi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè má rí ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ kọ òdo. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá rí nǹkan nìkan ló ń kọ, kò lè mọ̀ bóyá ẹyẹ ló dínkù ni àbí òun ni kò jáde.

Àfòpiná ló wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí, bí àwọn tó wá nítorí ẹyẹ kì í tilẹ̀ kà á sí. Àpótí la máa ń gbé síta lálẹ́, gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an á wà lórí rẹ̀, kíréètì ẹyin tó ti ṣófo á wà nínú rẹ̀. Àfòpiná á tẹ̀ lé iná, á já sínú àpótí, á wá kọ́lọ́fín kíréètì sápamọ́ sí. Láàárọ̀, a ó gbé kíréètì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó kà wọ́n, a ó sì tú wọn sílẹ̀ sínú koríko tó ṣú. Ká tètè ṣe é o, torí ẹyẹ robin ti mọ àkókò wa, ó ti ń retí oúnjẹ àárọ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lóru tí òtútù sì mú, kíréètì lásán la máa gbé. Bí ìkùukùu bá bò ó, tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fẹ́ wá láti gúúsù, ẹ lè rí Silver Y, tó ní àmì fàdákà bíi lẹ́tà Y lára ìyẹ́. Ìyẹn kì í sábà la òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkun ló fò kọjá.

Àpótí náà sì máa ń tan ni jẹ. Pale Brindled Beauty wà lára àwọn tó ń jáde nígbà òtútù, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ nìkan ló ń fò wọnú àpótí. Abo kò ní ìyẹ́ tó lè fi fò: ikùn rọ̀bọ̀tọ̀ àti ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, á fẹsẹ̀ gun ara igi lóru, akọ á wá bá a níbẹ̀. Agbára tí ì bá fi fò, ẹyin ló ń lò ó fún. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó mú tọ́ọ̀ṣì, kó lọ wo ara igi.

Tó bá di oṣù kẹta, ojú wa á kúrò lára òkun, á lọ sórí koríko, torí wheatear: ẹyẹ bíi gíráàmù 25, tí ìdí rẹ̀ funfun báláú. Àwọn kan nínú irú ẹyẹ yìí máa ń lo ìgbà òtútù ní agbègbè Jos, kí wọ́n tó dá aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Yúróòpù. Ọjọ́ tó dé Portland rọrùn láti mọ̀, torí ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí i á pariwo. Ọjọ́ tó kúrò ní Jos ni ìṣòro. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ àfi ẹni tó ń lọ síbì kan náà lójoojúmọ́, tó rí i lánàá, tó wá kọ òdo lónìí, lọ́la, lọ́tùn-únla.

Ẹ̀yin tó wà nílé náà lè fi lékeléke gbìyànjú ẹ̀. Ẹ yan pápá kan tí màlúù ti ń jẹ̀, ẹ máa dé ibẹ̀ ní wákàtí kan náà, kẹ́ ẹ kọ afẹ́fẹ́, òjò àti iye tẹ́ ẹ rí, títí kan ọjọ́ tó bá jẹ́ màlúù nìkan ló wà níbẹ̀.