Ìdí Tí Fáírọ́ọ̀sì Shortcut Fi Ń Padà Wá Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ti Pa Á

Bí ènìyàn bá ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, tó sì rí i pé gbogbo fóódà inú rẹ̀ ti ní àmì ọfà kékeré ní igun kan, fífọ́máàtì fláàṣì náà ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré ṣe. Ìkánjú gbáà ni, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà kò sí fáìlì kankan tó sọnù, fláàṣì náà kọ́ sì ni fáírọ́ọ̀sì fi ṣe ilé. Ọ̀nà ni fláàṣì jẹ́ fún un; inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Fláàṣì tí wọ́n fọ́máàtì láàárọ̀ yóò tún kún fún shortcut, ìyẹn fáìlì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì tàbí ètò mìíràn, kí oòrùn tó wọ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti tún kì í bọ ẹ̀rọ kan náà.

Nígbà kan rí, irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Windows àtijọ́ ní ètò kan tó ń jẹ́ AutoRun, tó máa ń ka fáìlì autorun.inf lórí CD tàbí fláàṣì, tó sì ń ṣe ohun tó bá kà níbẹ̀. Conficker, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, wà lára àwọn tó gba ọ̀nà yìí. Windows 7 ti ọ̀nà náà pa mọ́ fláàṣì ní ọdún 2009, Microsoft sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún XP àti Vista ní oṣù kejì ọdún 2011. Ohun tó kù fún àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì ni pé kí ẹni tó ni fláàṣì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ kó tẹ̀, shortcut sì ni wọ́n fi ń mú un.

Ọgbọ́n náà kò le, ṣùgbọ́n ó mọ́ níṣẹ́. Gbogbo fáìlì àti fóódà nínú Windows ló ní àwọn àmì kan lára tó ń sọ bóyá kí wọ́n hàn tàbí kí wọ́n pamọ́. Méjì ni fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń fi sára fóódà: èyí tó ní kó fara pamọ́, àti èyí tó ní fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ni. Ìkejì yìí ló ń tan àwọn tó rò pé àwọn mọ kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n tilẹ̀ ní kí Windows fi gbogbo ohun tó pamọ́ hàn, fóódà náà kò ní yọjú, nítorí pé àṣẹ mìíràn lọ́tọ̀ ni Windows fi ń bo àwọn fáìlì tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà yóò wá ṣe shortcut tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó sì ní àwòrán fóódà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ pe wscript.exe, ìyẹn ètò Windows tó ń mú àwọn fáìlì .vbs, irú èyí tí fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́, ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà yóò ṣí fóódà gidi sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí ìwé rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìfura. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní kí Windows máa fi ìparí orúkọ gbogbo fáìlì hàn, .lnk tó parí orúkọ shortcut kì í hàn. Àléébù Windows gan-an nìyí, ó sì ti pẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Ibí yìí ni ẹ̀sùn tí kò tọ́ sí antivirus ti ń wá. Antivirus rí àwọn shortcut náà, ó sì pa wọ́n, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kì í sábà fọwọ́ kan àmì tí fáírọ́ọ̀sì ti fi sára fóódà gidi, nítorí náà fláàṣì yóò ṣófo lójú ẹni tó ni ín, tí yóò sì máa pariwo pé antivirus ti jẹ ìwé òun. Kò jẹ ẹ́. Kí onítọ̀hún wo àyè tó ṣẹ́kù: bí fláàṣì 8GB bá ṣófo lójú, tí Windows sì ń sọ pé 6GB ti kún, ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo nínú Command Prompt, ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ló ń yọ àwọn àmì náà kúrò. Bí fláàṣì bá ń jẹ́ E, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́:

attrib -h -s -r /s /d E:\*.*

Àwọn ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì yìí kan máa ń kó gbogbo ìwé sínú fóódà kan tí orúkọ rẹ̀ kò ju àlàfo lásán lọ. Lẹ́yìn àṣẹ yìí, fóódà aláìlórúkọ náà yóò yọ síta pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, kọ̀ǹpútà ló sì wà. Ikán ni ọ̀rọ̀ yìí jọ jù. Ẹni tó ń gbá erùpẹ̀ ikán kúrò lára ògiri lójoojúmọ́ kò pa ikán; ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ló bà jẹ́, wọ́n á sì tún un mọ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé ìyá wọn wà nínú ilẹ̀ tó ń yé ẹyin lọ. Ikán kì í sì gba ojú kan ṣoṣo wọlé: bí wọ́n ti ń gba ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń gba férémù fèrèsé, ni wọ́n ń gba igi àjà. Fáírọ́ọ̀sì yìí a ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú AppData tàbí Temp, àwọn fóódà tí ẹsẹ̀ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kì í sábà dé, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí Windows ti ń ka orúkọ àwọn ètò tó gbọ́dọ̀ bá kọ̀ǹpútà jí. Irú ibẹ̀ pọ̀. Ẹ̀ka Run wà nínú Registry, ìwé tí Windows ń kọ ètò ara rẹ̀ sí, fóódà Startup wà, Task Scheduler tó ń pe ètò ní àkókò tí wọ́n bá dá fún un náà wà. Èyí tó bá gbọ́n nínú wọn a kọ orúkọ sí ju ibì kan lọ. Bó bá sì ti jí, kò tún sùn mọ́: ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ síra wọn, yóò wò ó bóyá fláàṣì tuntun ti wọlé, yóò tún wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní Run. Bí ẹnìkan bá ti pa á rẹ́, yóò tún un kọ.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ìlẹ̀kùn kankan tó fọ́. Windows ló dá Run sílẹ̀ fún àwọn ètò tó dára, apá tó jẹ́ ti ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò sì béèrè àṣẹ alábòójútó kó tó gba orúkọ tuntun. Nítorí náà, àpótí tí Windows fi ń béèrè ìyọ̀ǹda kò ní yọjú rárá.

Ìdí nìyí tí títò iṣẹ́ náà fi ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì dá wscript.exe dúró nínú Task Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pa rẹ́ ló ń tún kọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo tó kọ ọ́ sí. Autoruns, ètò ọ̀fẹ́ ti Microsoft, ń to gbogbo irú ibẹ̀ sí ojú kan. Fáìlì rẹ̀ tó wà nínú AppData ló kàn, fláàṣì ló sì kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fláàṣì yóò ṣiṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá kọ̀ láti dúró, Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan, ni kí wọ́n fi tan kọ̀ǹpútà, nítorí pé Windows kì í ka Run níbẹ̀.

Àmọ́ orí ìgbàgbọ́ pé kọ̀ǹpútà ń sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ ni gbogbo èyí dúró. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń dúró sáàárín Windows àti ẹni tó ń béèrè, tí wọ́n sì ń yọ orúkọ ara wọn kúrò nínú èsì. Ní ọdún 2005, Mark Russinovich, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ Autoruns, rí i pé ètò tí àwọn CD orin Sony BMG kan ń gbé wọ kọ̀ǹpútà ń bo gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $sys$, láìka ẹni tó ni fáìlì náà sí. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bi ní ìbéèrè. Láti ìta ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwúlò Microsoft Defender Offline nìyẹn: yóò tún kọ̀ǹpútà tàn, yóò sì wo gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí Windows tó jí. Bí iyèméjì bá ṣì wà lẹ́yìn èyí, tí wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ náà wọ báǹkì, kí wọ́n kó ìwé àti àwòrán nìkan jáde, kí wọ́n sì gbé Windows tuntun sí i. Ibí ni fọ́máàtì ti ní àǹfààní.

Àwọn kan ń sọ pé bí fáírọ́ọ̀sì kò bá ti dí wọn lọ́wọ́, kó máa gbé ibẹ̀. Andromeda, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá fláàṣì rìn, ni FBI, Europol àti ọlọ́pàá Jámánì dojú ètò rẹ̀ dé ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2017. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kó o kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sàn. Wọ́n ṣì ń ké sí àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá wọn ti ń pàṣẹ fún wọn, tí kì í dá wọn lóhùn mọ́. Ní ọdún 2022, àwọn amí kan, tí ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Mandiant fura sí pé ẹgbẹ́ amí tó ń jẹ́ Turla ni wọ́n, ra àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, tí àkókò wọn ti tán, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà ní Ukraine.

Ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti báǹkì ni kí wọ́n yí padà kẹ́yìn, láti orí fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́. Gbogbo fláàṣì tó ti wọ kọ̀ǹpútà náà, títí kan èyí tí wọ́n gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tàbí tí wọ́n ti yá aládùúgbò, gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kan náà kí wọ́n tó tún kì í bọ̀ ọ́.