Ìwakùsà Tánńganran lórí Òkè Jos

Ìwakùsà tánńganran (tin) lórí Òkè Jos ni iṣẹ́ kùsà tó gbilẹ̀ ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, ní agbègbè tó di Ìpínlẹ̀ Plateau lónìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di àwọn ọdún 1980. Orí òkè náà tẹ́jú, ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ojú òkun, òtútù ibẹ̀ sì ju ti ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Jos, Bukuru, Barkin Ladi àti Naraguta wà lára ibi tí iṣẹ́ ti gbóná jù. Ilé àti ẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ojú ilẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ rí àmì iṣẹ́ náà yóò wò: kòtò, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti adágún omi tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí tánńganran ṣe débẹ̀

Inú òkúta granite ni tánńganran ti wá. Òjò àti odò fọ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, wọ́n sì gbé ẹ̀rún rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀rún tánńganran dúdú, ó sì wúwo ju yanrìn lọ. Orí ìwúwo yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà dúró lé. Bí a bá da omi sí iyẹ̀pẹ̀ nínú igbá, tí a sì ń yí i, omi á gbé yanrìn lọ, tánńganran á sì kù sísàlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára àti ẹ̀rọ awalẹ̀ ràgàjì tí wọ́n ń pè ní dragline ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n igbá kò kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Láwọn ibòmíràn, òkúta gbígbóná tó tú jáde láti inú ilẹ̀ ti ṣàn bo àwọn odò àtijọ́ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni ihò jíjìn ti di dandan.

Ṣáájú àwọn òyìnbó

Òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ rí tánńganran yìí. Àwọn ayọ́rin Haúsá ti ń yọ́ ọ nínú ààrò amọ̀ ní Lirue n Delma, ní ìsàlẹ̀ òkè lápá àríwá, kí ìjọba amúnisìn tó dé. Wọ́n ń dà á sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé bẹẹrẹ, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Bìrìtìkó, rí lágbègbè odò Bẹ́núé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí orísun rẹ̀. Ní 1902, ilé-iṣẹ́ náà rán onímọ̀ kùsà kan, George Nicolaus, lọ. H. W. Laws, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà mìíràn, tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, nítorí pé àwọn ará òkè kò gbà kí àjèjì kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba fi òpin sí ààrò Lirue n Delma, tí títà ohun kùsà náà sì di ti àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó.

Àdéhùn kan mú ọ̀rọ̀ yìí korò sí i. Nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Royal Niger Company ní 1900, wọ́n gbà pé ìdajì owó-orí kùsà láti apá kan Àríwá yóò máa lọ sápò ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún 99. Ní 1950, ìjọba Nàìjíríà san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn láti já okùn náà.

Ojú irin àti iná

Àwọn alárùú ló kọ́kọ́ ń fi orí ru tánńganran náà lọ sí Loko ní etí Bẹ́núé. Lẹ́yìn èyí ni ojú irin tóóró ti Bauchi Light Railway gbéra láti Zaria, ó dé Jos ní 1914. Ojú irin ńlá láti Port Harcourt dé Jos ní 1927, ti tóóró yẹn sì di títì ní 1957. Ilé-iṣẹ́ iná tí wọ́n ń pè ní NESCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, lo omi tó ń já ní Kurra láti fún àwọn ẹ̀rọ ìwakùsà ní iná. Ó ṣì ń pèsè iná fún apá kan Ìpínlẹ̀ Plateau.

Iṣẹ́ àti ojú irin yìí ló sọ Jos di ìlú ńlá. Haúsá, Ígbò àti Yorùbá tú lọ síbẹ̀. Nínú àwọn Yorùbá, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lórúkọ gan-an, àwọn mìíràn sì jẹ́ akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àwọn Berom, tí ilẹ̀ oko wọn wà lórí tánńganran gan-an, ni ìpalára náà wọ̀ lára jù. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n rí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí wọ́n pàdánù.

Iṣẹ́ tipátipá nígbà ogun

Nígbà tí Jàpáàní gba Malaya ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, ọwọ́ Bìrìtìkó kò tó orísun tánńganran tó tóbi jù mọ́, ojú wọn sì yí sí Jos. Láti 1942 sí 1944, ìjọba fi ipá kó àwọn ọkùnrin tó lé ní 100,000 láti oríṣiríṣi ẹkùn Àríwá wá sí ibi ìwakùsà. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti ilẹ̀ gbígbóná, aṣọ tí wọ́n wọ̀ kò lè dá òtútù òkè dúró, oúnjẹ kò tó, ilé kò sì dára. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iye tánńganran tí wọ́n rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè; igbá àti ṣọ́bìrì ni wọ́n kàn kó lé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Kolumbáìtì àti ìparí

Kolumbáìtì, ohun kùsà mìíràn, máa ń wà pẹ̀lú tánńganran, wọ́n sì ti ń dà á nù bíi pàǹtí láyé àtijọ́. Láàárín 1952 sí 1955, Amẹ́ríkà ń san ìlọ́po méjì owó rẹ̀ torí pé wọ́n ń lò ó nínú irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ènìyàn sì padà lọ hú òkìtì pàǹtí àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé ìyọ́ tánńganran Makeri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jos. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó rọrùn láti wà ti ń tán, owó epo rọ̀bì sì ti fa ojú ìjọba kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1985, owó tán lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń gbé iye tánńganran ró, ọjà sì dojú dé ní London. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lórí òkè kò bọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Kòtò tí omi kún ni ó pọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi wọn lọ́gbẹlẹ̀ láti bomi rin pòtétò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Apá kan nínú ẹ̀fọ́ Jos tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìbàdàn àti Èkó kò ṣẹ̀yìn omi yìí. Àwọn kòtò kan náà ti gbé ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn mì, torí pé etí wọn dúró gbọnrangandan, wọn kò sì ní ọgbà. Àwọn igi eucalyptus tó tò lọ rẹrẹ láyìíká Jos wá láti inú ìgbìyànjú ìjọba láti tún ilẹ̀ tí wọ́n ti wà ṣe.

Iṣẹ́ náà tún hú ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá jáde. Ní 1928, àwọn òṣìṣẹ́ tánńganran rí orí ọ̀bọ tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní abúlé Nok, nísàlẹ̀ òkè lápá ìwọ̀-oòrùn. Ní 1943, Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó mọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, gbọ́ nípa orí amọ̀ mìíràn tí ẹnì kan fi ṣe adẹ́rùbẹyẹ nínú oko iṣu. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ iṣẹ́ ọnà Nok, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, tí wọ́n ṣí ní 1952, ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wọ̀.

Wíwa ilẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró. Àwọn awakùsà aládàáni ṣì ń gbẹ́ ihò tóóró tí wọ́n ń pè ní lótò, èyí tó máa ń ya lu wọn lórí. Àwọn mìíràn ń fọ òkìtì pàǹtí àtijọ́. Àwọn òkìtì wọ̀nyí ní àwọn ohun kùsà monazite àti zircon nínú, tí ìtànṣán tó léwu láti ara thorium àti uranium ń jáde lára wọn, àwọn ènìyàn sì ti kó nínú yanrìn wọn lọ kọ́lé.