Ṣé Dísẹ́ẹ̀lì Púpọ̀ Ni Agbára Ọkọ̀ Akẹ́rù?

Láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun ní Iléṣà, yálà yanrìn ni wọ́n ń kó, tàbí òkúta, tàbí pákó, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu wọn: bí ọkọ̀ kò bá fà mọ́, kí wọ́n ṣí pọ́ǹpù rẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣí pọ́ǹpù ni pé kí mẹkáníìkì yí síkúrù tó ń díwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì, kí èyí tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ náà bá wá ń gun òkè láti Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí èéfín dúdú ń tú lẹ́nu sàláńsà, inú olówó ọkọ̀ á dùn, á ní owó tí òun san ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbàgbọ́ pé èéfín dúdú jẹ́ ẹ̀rí agbára yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú, àti nítorí pé àwọn tí ọkọ̀ wọn ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i sínú ẹ́ńjìnnì, tí kò yẹ kó rú irú èéfín bẹ́ẹ̀ rárá, ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn jù.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Èéfín dúdú ni dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán. Ẹni tó bá fi ìka nu ẹnu sàláńsà á rí i lọ́wọ́ ara rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tó di èédú níta kò ti ọkọ̀ kankan gun òkè.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni iye afẹ́fẹ́. Kílò dísẹ́ẹ̀lì kan nílò nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.5 kó tó lè jó tán. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní lítà, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ń fẹ́ nǹkan bíi lítà afẹ́fẹ́ 10,000. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa, ìyẹn OM 352 ti Mercedes, tó wà nínú lóòrì 911 tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó pákó àti kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Inú sìlíńdà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba nǹkan bíi lítà 5.7, kò sì ní tọ́bò. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ́ńjìnnì náà máa yí kí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan tó fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó lè fà sínú kò lè ju lítà 5,700 lọ. Ẹ wá pín in. Afẹ́fẹ́ yẹn kò lè jó ju díẹ̀ lé ní ìdajì lítà dísẹ́ẹ̀lì lọ nínú ìṣẹ́jú náà, àyàfi tí ẹ bá mọ ibòmíràn tó ti ń mí.

Ìyẹn gan-an, àsọdùn ni, nítorí pé ó gbà pé gbogbo afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ló rí dísẹ́ẹ̀lì dara pọ̀ mọ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ tí písítìnì ti fún pọ̀, tó ti gbóná gan-an, ni nọ́súlù ti ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sí, àkókò tí dísẹ́ẹ̀lì náà ní láti fi wá afẹ́fẹ́ rí, kó dà pọ̀ mọ́ ọn, kó sì jó, kúrú ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Nítorí èyí ni àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ohun tí dísẹ́ẹ̀lì nílò lọ. Èlé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ni mẹkáníìkì ń jẹ nígbà tó bá ṣí pọ́ǹpù, ibẹ̀ sì ni òtítọ́ díẹ̀ tó wà nínú ìgbàgbọ́ yìí wà. Yíyí àkọ́kọ́ máa ń fún ọkọ̀ lágbára lóòótọ́. Dírẹ́bà á ní òun rí i, kò sì parọ́. Yíyí kejì lè fi díẹ̀ kún un. Láti ibẹ̀ lọ, èéfín nìkan ló ń pọ̀, àmọ́ ẹni tó ti rí èrè yíyí àkọ́kọ́ kì í gbà pé ti ìkẹta kò ní mú èrè wá.

Ibi tí tọ́bò ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọdún 1905 ni Alfred Büchi, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò pé kí èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì máa yí abẹ̀bẹ̀ kan, kí abẹ̀bẹ̀ mìíràn tí ọ̀pá kan náà ń yí sì máa ti afẹ́fẹ́ wọlé. Súpàṣájà ní tirẹ̀ kì í dúró de èéfín, bẹ́líìtì tàbí gíà láti ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí i. Ẹwìrì ni àwọn méjèèjì. Alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ kí irin òun pọ́n kì í kó èédú lé èédú kó wá káwọ́ gbera, ẹwìrì ló ń fín. Báà la fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́, ti afẹ́fẹ́ ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ sì tó nǹkan bíi báà kan. Bí tọ́bò bá fi báà kan kún un, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bí a bá ti rí i pé intercooler, ìyẹn ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ náà tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, tù ú dáadáa, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ máa ń gbóná, èyí tó bá sì gbóná á fẹ̀, kò ní pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Nígbà náà ni àyè wà fún dísẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹni tó bá ní kí wọ́n mú pọ́ǹpù àti nọ́súlù bá tọ́bò mu kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ ni dísẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, ibi tí mo ń bá wọn jà sí kò ju ìyẹn lọ.

Ohun kan tó ń múnú bí mi ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó.

Afẹ́fẹ́ tọ́bò kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, èéfín rẹ̀ kò tíì ní ipá láti yí abẹ̀bẹ̀ náà tó, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò sì ju ti ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò lọ. Bó bá gbé ẹrù, tó sì ń fà gidi, afẹ́fẹ́ á pọ̀. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, kò sì ní ojú. Lórí ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù Bosch àtijọ́ àti àwọn tó fara jọ wọ́n, agolo irin pẹlẹbẹ kan wà lókè tàbí lẹ́yìn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, tí síkúrù mélòó kan dè mọ́lẹ̀. Awọ rọ́bà kan wà nínú rẹ̀, sípíríńgì wà lábẹ́ awọ náà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀. Bí tọ́bò bá ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á gba inú rọ́bà yẹn wá tẹ awọ, awọ á tẹ sípíríńgì, ọ̀pá tó wà láàárín wọn á sún, ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù á tó gbà kí dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, sípíríńgì á ti ohun gbogbo padà sí ipò rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọpọlọ sì ni.

Rọ́bà yìí máa ń sán. Ooru ẹ́ńjìnnì a máa yan án, epo a máa rọ̀ sí i lára, bó bá sì sán, afẹ́fẹ́ kò ní dé inú agolo mọ́. Lójú pọ́ǹpù, ọkọ̀ náà kò ní tọ́bò mọ́ nìyẹn, ìwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni yóò sì máa fún un bó ti wù kí ẹrù wúwo tó. Ọkọ̀ kò ní fà. Dírẹ́bà á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kàkà kí mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà tí owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ lọ, ohun tó máa sọ ni pé, "Ọ̀gá, ó ti rẹ pọ́ǹpù yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣí i." Á ṣí i. Ọkọ̀ á fà, èéfín á sì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi kún un kò tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ mọ́, bí afẹ́fẹ́ wà, bí kò sí, ṣe ló ń dà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ìṣó dí ẹnu rọ́bà náà pa kó má bàa máa súfèé. Mo ti rí èyí tí wọ́n yọ agolo rẹ̀ sọnù, tí wọ́n fi páànù bo ojú ihò. Nígbà tí mo bèèrè ohun tí ohun tí wọ́n yọ náà ń ṣe, wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣe, òyìnbó ló fi há ọkọ̀ lọ́nà kó má bàa sáré. Ó yà mí lẹ́nu pé òyìnbó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti fi ṣòfò.

Irú kan náà ni fíltà afẹ́fẹ́ tí eruku ọ̀nà ilé yanrìn ti dí, tàbí rọ́bà intercooler tí bọ́líìtì ìdè rẹ̀ ti dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò tì ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Èéfín dúdú ni méjèèjì máa mú wá. Nítorí náà, ẹni tó bá rí èéfín dúdú kò tíì lè sọ bóyá dísẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló kéré jù, kò sì yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ kan síkúrù kankan kó tó mọ èyí tó jẹ́.

Ti ooru wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru máa ń dín kù, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni àwọn kan ti gbọ́ pé epo púpọ̀ máa ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Òdì kejì ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ ṣe ń fi dísẹ́ẹ̀lì kún un tí afẹ́fẹ́ kò kún, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń ga. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ písítìnì, nǹkan bíi 660 lórí ìwọ̀n Celsius ni alumíníọ̀mù sì ń yọ́. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì tó gbé ẹrù gun òkè gígùn lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi àti ọ́ìlì tó ń tu písítìnì lára nìkan ni kò jẹ́ kó yọ́. Ojú ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà èéfín láti mọ bí ooru náà ṣe tó. Nínú gbogbo àwọn tó sọ fún mi pé pọ́ǹpù àwọn ti ṣí, tí kò sì sí wàhálà, n kò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó ní ojú ìwọ̀n yìí. Bí wọ́n ṣe wá mọ̀ pé kò sí wàhálà kò yé mi.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń so tọ́bò mọ́ píkọ́ọ̀pù bẹntiróòlù náà ní ìṣòro tiwọn, tó jẹ́ pé epo ló ń kéré jù. Bí pọ́ǹpù inú táǹkì bá ń ti epo ní báà 3, tí tọ́bò sì ń ti afẹ́fẹ́ báà kan ko nọ́súlù lójú, báà 2 péré ló kù tó ń ti epo jáde, epo tó ń wọlé á sì dín ní nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì nílò rẹ̀ jù lọ. Ohun tó ń díwọ̀n ipá epo gbọ́dọ̀ máa gbé e sókè bí ti afẹ́fẹ́ ṣe ń gòkè, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òkè yẹn náà ló sì ń jíṣẹ́ fún un. Pọ́ǹpù ńlá nìkan kò lè rọ́pò ìyẹn.

Ṣé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí fíltà bá mọ́, tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò jò, tí pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú táǹkì ń gbé e tó, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù ńlá nílò àtúnṣe lóòótọ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sórí tábìlì ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń wọn ti sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n fi ojú lásán ṣí pọ́ǹpù wọn tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní, pàápàá àwọn tí kì í gbé ẹrù wúwo jìnnà. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé èéfín wọn kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́.

Ti àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń lo common rail, ìyẹn páìpù kan tó ń pín dísẹ́ẹ̀lì fún gbogbo nọ́súlù, tún yàtọ̀. Ipá dísẹ́ẹ̀lì inú páìpù wọn lè kọjá báà 1,600, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ lásán wá ibi tó ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì náà lè lu awọ ara rẹ̀ wọ inú ẹran. Ojú ibẹ̀ kì í ju bí ojú abẹ́rẹ́ lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dunni lákọ̀ọ́kọ́, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa sáré lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè gba ìka tàbí gbogbo ọwọ́.

Ẹni tí wọ́n ti ṣí pọ́ǹpù tirẹ̀, kó máa fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì wò láràárọ̀. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un, tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí kò jó ló ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kó wo síkúrù ìwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì ara pọ́ǹpù náà kó tó dúnàá dúrà: wáyà àti òjé ni ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi dè é, wọ́n sì lè fi ọ̀dà sàmì sí i. Bí ìdè náà bá ti já, tí ẹnu síkúrù sì ń dán, kó bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì rántí pé ìdáhùn tí wọ́n máa fún un ni pé ọkọ̀ yẹn lágbára gan-an.