Ibi tí agbára ti ń wọ bọ́ọ̀lù: apá àti ìka ajùbọ́ọ̀lù fastpitch

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ajùbọ́ọ̀lù nínú sọ́fútíbọ́ọ̀lù fastpitch, eré tó jọ baseball níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ fún ẹni tó ń fi igi gbá a, apá tó ń yí bírí yẹn ni ojú rẹ̀ máa ń bá lọ. Apá á gbéra níwájú, á gòkè kọjá etí, á gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Ó jọ kànnàkànnà tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé bí apá bá ṣe yára yí tó ni bọ́ọ̀lù á ṣe le tó. Ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú eré tí bọ́ọ̀lù ń bá jáde, ìparí òbìrìkìtì yẹn ló ti ń rí i, láàárín ìgbà tí ọwọ́ wà lẹ́yìn gbọọrọ àti ìgbà tó bá dé itan. Bó sì ṣe ń rí i ni pé àwọn ẹ̀yà ara ń dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dúró á fi eré rẹ̀ lé èyí tó kàn lọ́wọ́.

Òfin eré náà ló fi ajùbọ́ọ̀lù sípò yìí. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbà: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń kúrò lọ́wọ́, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí lọ. Láàárín àwọn obìnrin ní yunifásítì Amẹ́ríkà àti ní Òlíńpíìkì, ẹsẹ̀ bàtà 43 ló wà láàárín ajùbọ́ọ̀lù àti home plate (ibi tí onígi, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, máa ń dúró tì), ìyẹn mítà 13.11. Ti baseball jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6. Bọ́ọ̀lù náà fẹ̀ ju ti baseball lọ, ínǹṣì 12 ni ìyípo rẹ̀, ó sì wúwo tó gíráàmù 178 sí 198. Ní 2012, Monica Abbott ju ọ̀kan tó ń sáré máìlì 77 ní wákàtí kan, èyí tó wọ ìwé Guinness. Ní 2025, Karlyn Pickens ti Yunifásítì Tennessee gbé e dé máìlì 79.4. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré máìlì 70 péré, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.36 ló máa lò lójú ọ̀nà, torí pé ajùbọ́ọ̀lù á ti gbésẹ̀ gígùn síwájú kó tó tú u sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù tó ń fi ọ̀tún jù á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú agbára, gbogbo ara á gbéra síwájú, ara á ṣí, àyà á sì kọjú sí béèsì kẹta, tó wà ní apá ọ̀tún ajùbọ́ọ̀lù tó bá dojú kọ home plate. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì á balẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbọ́dọ̀ le gan-an, bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti dúró, ìbàdí á dúró, ara òkè á dúró, eré tí wọ́n ń bá bọ̀ kò sì ní ibi tó máa gbà ju apá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó kàn, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì kẹta, kó fojú inú wo ojú agogo lára ajùbọ́ọ̀lù. Òkè orí ni agogo méjìlá, ẹ̀yìn gbọọrọ ni agogo mẹ́sàn-án, ìsàlẹ̀ itan ni agogo mẹ́fà. Ní agogo mẹ́sàn-án, ìgbọ̀nwọ́ ká díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ń wo òkè tàbí béèsì kẹta, bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́yìn pátápátá. Apá òkè ló ṣíwájú sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó bá sún mọ́ ìhà, eré rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Apá ìsàlẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, kò dúró ní tirẹ̀. Á fẹ́ wìì kọjá, á fara ra ìbàdí, ọrùn ọwọ́ tó rọ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti ju pàṣán rí mọ ọgbọ́n yìí: ìgbà tí ọwọ́ bá dúró ni ẹnu pàṣán máa ń dún.

Bí apá ìsàlẹ̀ ṣe ń kọjá lọ náà ló ń yí. Àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń wo béèsì kẹta á yí kọjú sí home plate bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò. Yíyí yìí ló ń fún ìka ní ìjánu tó kẹ́yìn lórí bọ́ọ̀lù. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ti ń ba ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń sọ fún ọmọ pé kó kọjú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ tàbí sẹ́yìn ní agogo mẹ́sàn-án, kó ti ọwọ́ síwájú tààrà, kó já ọrùn ọwọ́ sókè, kó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tó nà sí ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù. Àmọ́ bí a bá fi fídíò wo iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n jù jù lọ, kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀, kódà lọ́wọ́ àwọn kan tó ń fi ẹnu kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń ti bọ́ọ̀lù síwájú ti sọ apá rẹ̀ di igi kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé, kò sì sí pàṣán nínú igi. Ó dunni pé wákàtí púpọ̀ ń bá bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọmọ náà á sì máa rò pé òun kò lágbára tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀. Wọ́n máa ń ní jíjù láti ìsàlẹ̀ kì í rẹ apá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí apá ṣe ń fẹ́ kọjá, agbára tó ń fà á kúrò ní oríkèé èjìká lè sún mọ́ ìwọ̀n ìwúwo ara ẹni tó ń jù ú, ẹran iwájú apá òkè, èyí tó máa ń yọ nígbà tí èèyàn bá ká ọwọ́ kò, ló sì ń sapá láti dá a dúró kí ìgbọ̀nwọ́ má bàa nà já. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dun àwọn ọmọ. Ní Òlíńpíìkì 2008, Yukiko Ueno ti Jàpáánù ju bọ́ọ̀lù 413 láàárín ọjọ́ méjì, ó sì gba wúrà. Iṣẹ́ akọni ni. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń ju ìdíje mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní òpin ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe Ueno.

Apá ló ń fún bọ́ọ̀lù ní eré, ìka ló ń sọ ibi tó máa yà sí. Bọ́ọ̀lù tó ń yí máa ń gbá afẹ́fẹ́ tó yí i ká sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ náà á sì ti bọ́ọ̀lù sí òdìkejì. Gustav Magnus, ará Jámánì kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe agbára yìí. Ojú rírán tó yọ lára bọ́ọ̀lù ló ń jẹ́ kí ìka rí nǹkan dì mú, òun náà ló sì ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Èyí tó bá ìdárí ọwọ́ mu jù ni drop ball. Ìka wà lẹ́yìn àti lábẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n á fà á sókè bó ṣe ń bọ́, iwájú bọ́ọ̀lù á sì máa yí wálẹ̀. Òòfà ilẹ̀ nìkan á ti fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.36 yẹn. Yíyí yìí á wá fi kún un, bọ́ọ̀lù á sì jìn sílẹ̀ nígbà tí igi bá ń bọ̀.

Rise ball ló ni ariwo. Ọwọ́ á gba abẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá bí ẹni tó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí bọ́ọ̀lù lè máa yí sẹ́yìn. Àwọn tó ti dojú kọ ọ́ á búra pé ó fò sókè lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ kò lágbára tó láti borí ìwúwo bọ́ọ̀lù náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti tú u sílẹ̀, ó ń gòkè bọ̀, yíyí ẹ̀yìn kò sì jẹ́ kó tètè wálẹ̀ bí ojú ṣe ń retí.

Rise ball tó sì pọ̀ jù lórí pápá kì í tilẹ̀ yí sẹ́yìn. Òkòtó ló ń yí. Ẹ fojú inú gbé òkòtó dùbúlẹ̀, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí home plate, kó máa yí lọ bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ kò rí ẹ̀gbẹ́ kankan tó máa tì í sí, bó ti wù kó yára yí tó. Bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ á kàn máa lọ tààrà. Ọ̀nà tó rọrùn láti dá a mọ̀ ni kí wọ́n lẹ téèpù dúdú yí àárín bọ́ọ̀lù kan ká, kí wọ́n mú un kí ìlà náà dúró ní òró, kí wọ́n sì jù ú sí ẹnì kan nítòsí. Bí ẹni tó ń hán an bá rí ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán, tí kò gbọ̀n, yíyí náà dára. Bó bá rí téèpù tó ń yí pòòyì bí ojú àwo, òkòtó ló ń hán.

Curve àti screwball ń yí bí àwo tó tẹ́jú sílẹ̀, ọ̀kan ń ya sọ́tùn-ún, èkejì ń ya sósì. Changeup, bọ́ọ̀lù tó ń fi eré tan onígi, kò nílò yíyí púpọ̀. Apá á sáré bó ṣe ń sáré, bọ́ọ̀lù á sì jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ tàbí kó bọ́ láti ẹ̀yìn ọwọ́, kó máa rọra bọ̀ nígbà tí onígi ti gbá afẹ́fẹ́.

Ní 2004, Jennie Finch, ajùbọ́ọ̀lù sọ́fútíbọ́ọ̀lù, ju bọ́ọ̀lù fún Albert Pujols àti Mike Piazza, àwọn onígi baseball, nínú eré ìfihàn kan, àwọn méjèèjì kò sì rí i gbá. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọ́ ojú wọn, òkè ni bọ́ọ̀lù ti máa ń wá bá wọn. Igi nìkan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.15 láti yí dé ibi bọ́ọ̀lù. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ojú láti fi ka yíyí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.2. Bọ́ọ̀lù tó ń yí ní ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ti yí lẹ́ẹ̀mẹrin péré nígbà náà.